Àwọn Tó Ń Sọdá Afárá Nítorí Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan

Ẹ bá mi kí akọni. Ẹ fi jagunjagun sílẹ̀, ẹ fi ẹni tó pa ẹkùn sílẹ̀. Akọni tí mo ní kí ẹ kí ni ẹni tó jí ní Onitsha láàárọ̀, tó wẹ̀, tó fín lọ́fíńdà síbi tí lọ́fíńdà ń dé àti ibi tí kì í dé, tó wọ aṣọ tó rà fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tó fi jígí dúdú bojú, tó wá wọ ọkọ̀ sọdá afárá Odò Ọya lọ sí Asaba, kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́ lórí ìka.

Kì í ṣe pé kò sí ọsibítù ní Onitsha. Ó wà, yàrá àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀fẹ́ já mọ́ lójú ẹni tó níyì? Akọni wa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ọlọ́lá kì í kán sílẹ̀ ládùúgbò. Àfi kó kọjá omi.

Èyí tó wá dùn jù níbẹ̀ ni pé àwọn ará Asaba ní akọni tiwọn. Bí ará Onitsha ṣe ń lọ ni ará Asaba ń bọ̀, kálukú pẹ̀lú jígí dúdú tirẹ̀. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wọn dúró lórí afárá, wọ́n á wo ara wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀ kan sí ìkejì, wọ́n á sì tètè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá bi ẹni tó ń lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ lọ kí. Bí o bá bi ẹni tó ń bọ̀, ọjà ló fẹ́ ná. Odò Ọya ń ṣàn lọ lábẹ́ wọn, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i, mo kàwé fún un: ìmọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ènìyàn ni mo kà ní yunifásítì, yàrá àyẹ̀wò HIV ní Onitsha ni mo sì ti ń jẹun.

*

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ mọ̀ nípa mi ni ohun tí mò ń tà. Onílé bi mí. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá bi mí. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi ní Bridge Head bi mí kó tó bi mí níbi tí mò ń lọ.

"Oga, wetin you dey sell?"

Mo ní n kò ta nǹkan kan, iṣẹ́ ọsibítù ni mo wá ṣe. Ó yí ojú padà wò mí bí ẹni tí ó ṣèèṣì gbé òkú. Ní Ìwó tí mo ti wá, bí àjèjì bá wọ̀lú, ọmọ ta ni í ṣe ni wọ́n ń bi í. Ní Onitsha, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bàbá mi kàn. Ṣọ́ọ̀bù ẹni ni bàbá ẹni níbí. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má ṣáà pè é lọ́mọ àlè lójú ara rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ ju iye tí wọ́n ń ta nǹkan lọ. Igbo lọ́tùn-ún, Igbo lósì, Pidgin tèmi sì ń rùn fún ìwé kíkà débi pé àwọn ọmọ àdúgbò máa ń ní kí n tún un sọ kí wọ́n lè rí nǹkan fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò ilé lórí fóònù mi, n ó sì jókòó ti ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bí ìgbà tí èèyàn jókòó ti bàbá rẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí kò ṣe mí. Ohùn yẹn ni mo fẹ́.

Ẹni tó yọ mí nínú ìyà yẹn ni Àǹtí Mulikat, onídìrí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú àgbàlá tí mo gbà sí ní Obosi. Jẹnẹrétọ̀ onílé ni mò ń fi Yorùbá bú lọ́jọ́ náà tí mo fi gbọ́ ohùn obìnrin kan lójú fèrèsé.

"Ta ló ń ṣépè níbẹ̀ yẹn? Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìwó ni mí, mà."

"Ìwó! Ọmọ odídẹrẹ́! Abájọ tí ẹnu ẹ ò fi dákẹ́." Ó jáde síta tòun ti kóòmù lọ́wọ́. "Ògbómọ̀ṣọ́ ni tèmi. Mọ́ínmọ́ín wà ńlẹ̀. Àbí èèyàn tó ń bú jẹnẹrétọ̀ kì í jẹun?"

Bí mo ṣe di ọmọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ń ta bàtà ní Main Market. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ Igbo ju ọmọ onílé lọ, wọ́n sì máa ń dá mi lóhùn bí ẹni pé ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń kà bí mo bá bá wọn sọ Yorùbá. Òun ló kọ́ mi pé bí mo bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, kí n sọ pé "Deeme," ìyẹn "ẹ kú iṣẹ́" tiwọn, ojú á sì là. Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló kún fún àpá iná kéékèèké, nítorí inú omi gbígbóná ni àwọn onídìrí ti ń ki ìdí irun aláràbarà bí wọ́n bá dì í tán.

Òun náà bi mí ní ohun tí mò ń tà.

"N kì í tajà, mà. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò HIV."

Kóòmù dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìmọ̀ràn? Wọ́n ń fìyẹn jẹun?" Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ Ìwó, jọ̀ọ́, má jẹ́ káwọn oníbàárà mi gbọ́. Wọ́n á ní mo ti fi kóòmù kó o ràn wọ́n."

*

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ọ̀gá wa dé láti Abuja. Wọ́n wọ táì, wọ́n gbé ìrẹsì sínú páálí fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tan àwòrán sára ògiri, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè ńlá: kí ni àwọn aláìsàn ń fẹ́ nínú àyẹ̀wò HIV? Wọ́n bi nọ́ọ̀sì, wọ́n bi akọ̀wé, wọ́n bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Àwọn aláìsàn fúnra wọn wà lórí bẹ́ǹṣì níta, òórùn ìrẹsì ń fẹ́ sí wọn nímú.

Nígbà tí a jẹun tán, a ti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ń fẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fẹ́ òdòdó oníke lórí tábìlì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń fẹ́ kí a máa fi èdè abínibí wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù níbẹ̀, torí èmi ni èdè abínibí.

Wọ́n fún mi ní yàrá. Wọ́n kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀: A Ń SỌ YORÙBÁ NÍBÍ. Ẹ WỌLÉ, ARÁ ILÉ NI WÁ. Èmi fúnra mi ni mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà kó má bàa sí àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wọ aṣọ funfun mi, mo jókòó, mo ń retí àwọn ará ilé.

Wọ́n wá lóòótọ́. Télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò mi wá. Ó dúró níwájú pátákó, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dé orí "ará ilé", ó sì yí sí Sister Ngozi tó jẹ́ olórí wa níbẹ̀, ó ní òun ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa lásìkò náà.

"Oga Yoruba," Sister Ngozi bi mí lọ́jọ́ kan, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "your people no dey get HIV?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Sister."

"Abi na you dem dey run?"

Ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, bẹ́ǹṣì máa ń kún. Gbogbo obìnrin orí rẹ̀ ń jẹ́ Blessing, gbogbo ọkùnrin ń jẹ́ Emeka. Mo ti rí Emeka tó kọlà ojú Ọ̀yọ́.

*

"Dókítà mi!" Bí màmá mi ṣe máa ń pè mí lórí fóònù nìyẹn, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ará ilé lè gbọ́.

"Màmá, èmi kì í ṣe dókítà."

"Ṣé o kì í wọṣọ funfun ni?"

"Mo máa ń wọ̀ ọ́."

"Kí lo wá ń bá mi jiyàn sí? Oògùn orúnkún mi ńkọ́?"

Ó máa ń fi àdúrà parí rẹ̀: odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sóko ìwájẹ. N ó ṣe àmín. N kì í sọ fún un pé oko náà tóbi, pé kò sẹ́yẹ mìíràn tó fẹ́ jókòó lórí ẹ̀ka tí mo bà lé.

*

Ọkọ Àǹtí Mulikat ṣàìsàn. Ó rù débi pé bàtà tí ó ń tà kò dúró lẹ́sẹ̀ òun fúnra rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló kú sí. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọkọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹnu kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí àǹtí ṣe opó tán tó padà sí Obosi, ó ń dirun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. Mo gbọ́ ikọ́ náà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n rò, mo sì rò ó. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá níbi iṣẹ́. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì Sister Ngozi. Híjáàbù rẹ̀ gùn dé orúnkún, ìbòmú wà lẹ́nu rẹ̀, jígí dúdú wà lójú rẹ̀. A kò rí ju igi imú díẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Sister pé, "My name na Blessing. I be Benin person."

Ó na ọwọ́ jáde. Mo rí àpá iná lára ìka rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n wo ògiri kí n sì máa lọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé a kì í kí ẹni tí a bá mọ̀ níbí àfi bó bá kọ́kọ́ kí wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ mi nílé. Bí mo bá rí àgbà tí n kò kí i nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn mi ló ń sọ fún mi. Ẹ̀yìn náà ló rántí lọ́jọ́ yẹn, orí mi kò rántí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ìka mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí Mulikat! Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Ọkùnrin kan láàárín wọn, Emeka kan, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. "Blessing, your brother dey greet you o."

"I no know am," ni ó sọ.

Ó dìde, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó sì jáde. Kò sáré. Mo ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo ń kí àga tó ṣófo.

*

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Mulikat kò bá mi sọ Yorùbá mọ́. Bí mo bá kí i, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn, ó sì máa ń pè mí ní "oga" bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ pàdé nínú ọkọ̀. Mọ́ínmọ́ín dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló dùn mọ́ jù, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìwé àtijọ́.

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn, ṣùgbọ́n ó rìn. Ní ìpàdé àwa Yorùbá lọ́jọ́ Sunday, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo lọ́tùn-ún lósì. Alága wa, àgbà ọkùnrin tó fẹ́ràn àwàdà, na ọwọ́ sí mi níwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọkùnrin yìí ò rí nǹkan tà," ó ní, "ó ti rí nǹkan tà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo yọ pátákó mi, mo ti í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Mo bẹ Sister Ngozi pé kó bá mi wá ọgbọ́n dá.

"You wan carry needle go meet am for house?" ó bi mí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "We no dey pursue person. She go come or she no go come."

Lójoojúmọ́ ni mo ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún àwọn àjèjì pé oògùn wà, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè pẹ́ láyé bí ẹnikẹ́ni, kó tọ́ ọmọ rẹ̀, kó rí ọmọ ọmọ. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún jù lọ ń wúkọ́ ní òdìkejì àgbàlá. Bí mo bá sọ ọ́ fún un, mo ti sọ pé mo mọ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, ikọ́ ń sọ ọ́. Mo bá a débi pé mò ń ka ìwé mi àtijọ́ bóyá ẹnìkan ti kọ nǹkan nípa irú rẹ̀. Wọ́n kọ púpọ̀. Kò sí èyí tó ní àgbàlá nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fọ kóòmù nídìí ẹ̀rọ omi. Mo lọ bá a.

"Àǹtí, mo ní ọ̀rẹ́ kan tó…"

"Ọmọ Ìwó." Ó ti pẹ́ tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Má fi ọ̀rẹ́ rẹ yí mi po. Ó yá, jókòó."

Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì.

"Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀gá yín béèrè ohun tí àwa ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí o, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Mo fẹ́ kẹ́ni tí ò mọ̀ mí rárá gún mi níka. Mo fẹ́ kó sọ èsì ẹ̀ fún mi lédè tí mi ò fi ń ṣàdúà. Tó bá sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá náà ni n ó máa fi gbọ́ ọ tí mo bá fẹ́ sùn. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ mí dúró síta. Kó má bi mí ní nǹkan kan. Kó kàn ní, Mulikat, ó tó, jẹ́ ká lọ jẹun." Ó gbọn omi kúrò lára kóòmù. "Ṣé ẹ nírú ẹ̀ lọ́sibítù yín?"

"A ò ní i, mà."

"Ẹ lọ ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn sí i."

Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ayé. Mo sọ ọ́.

"Asaba ńkọ́, mà?"

Ó ti ẹ̀rọ omi, ó gbé kóòmù rẹ̀ wọlé.

Mo jókòó síbẹ̀ títí kẹ́ẹ̀gì fi dùn mí nídìí. Nílé, gbogbo ìlú ló mọ̀ mí, mo sì sá kúrò. Lájò, ó wù mí kí ẹnì kan mọ̀ mí, ẹnì kan náà sì mọ̀ mí, èmi ni mo wá fi ìmọ̀ náà bà á jẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní orúkọ gígùn tí wọ́n ń pe ìṣòro yìí. Àǹtí Mulikat kò nílò orúkọ rẹ̀.

*

Nígbà tó yá, màmá mi pè. Ó ní pásítọ̀ ìjọ Fúnmi, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ní òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àfi bí òun bá rí èsì àyẹ̀wò HIV àwa méjèèjì.

"Ti Fúnmi ti jáde. Tìẹ ló kù," ó ní. "Ìwọ kọ́ lò ń yẹ̀ ẹ́ wò fáráyé ni? Ó ṣe tán, kó o kàn na ọwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo kàn máa na ọwọ́."

Sister Ngozi ì bá ṣe é fún mi kí tíì rẹ̀ tó tutù. Mo jókòó níwájú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò na ọwọ́. Mo ń ronú sí ojú rẹ̀ bí ó bá ń wo èsì náà. Mo ń ronú sí bí yóò ṣe máa rọra bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà lọ. Kò sí ohun tí ó yẹ kó bà mí lẹ́rù ju ẹlòmíràn lọ, ẹ̀rù ṣáà ń bà mí.

Ọsibítù tí mo lọ ní Asaba mọ́, kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rí híjáàbù gígùn ní ìpẹ̀kun rẹ̀, àti ìbòmú, àti jígí dúdú, àti ọwọ́ méjì tó so mọ́ra lórí itan, tí àpá iná wà lára ìka wọn.

Ẹ̀yìn mi fẹ́ tẹ̀. Mo fi ara ti ògiri kó má lè tẹ̀. N kò kí i.

Wọ́n pe Blessing. Ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ọkàn mi ló pẹ́. Nígbà tó jáde, mo wo ògiri gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo wò ó dáadáa, n kò sì mọ bóyá èsì dára tàbí kò dára, n kò mọ bóyá oògùn wà nínú báàgì rẹ̀. Ó kọjá níwájú mi. Kò lọ tààrà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo títì bí ẹni tó ń dúró de kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá, kò dá a dúró. Òmíràn kọjá.

Mo mọ gbólóhùn tó yẹ kí n sọ. Kò ju kí n dìde, kí n lọ dúró tì í, kí n ní, ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.

Nọ́ọ̀sì yọjú síta, ó pe Emeka. Ó tún pè é. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo ara wọn.

Mo dìde, mo wọlé. Nígbà tí mo fi máa jáde, kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Èmi náà sọdá afárá. Aṣọ tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo wọ̀ lọ, mo sì fín lọ́fíńdà.